Ọmọ ajá olóṣù méjì: ṣé kí a tì í mọ́lé títí abẹ́rẹ́ rẹ̀ yóò fi pé ni, àbí kí a jẹ́ kó mọ ènìyàn?

Ìyáalé Àkóbọ̀:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ọmọ ajá Boerboel kan (ẹ̀yà ajá ńlá tó ń ṣọ́ ilé), akọ, ni ọkọ mi gbé wálé ní ìparí ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ẹni tó tà á fún wa sọ pé ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, wọ́n sì ti gún un ní abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́. Nítorí àwọn olè tó ń yọ àdúgbò wa lẹ́nu ni a ṣe rà á, ajá tó lè ṣọ́ ilé ni a fẹ́, kì í ṣe ajá àfiṣeré lásán. Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé ìmọ̀ràn tí à ń gbà kò bára mu. Dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò ní kí a má ṣe jẹ́ kó fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ ìta títí abẹ́rẹ́ rẹ̀ yóò fi pé, ajá náà yóò sì ti tó ọmọ nǹkan bí oṣù mẹ́rin kí ìyẹn tó parí. Àbúrò ọkọ mi ní kí a tì í mọ́ kéèjì lẹ́yìnkùlé, kí ẹnì kan ṣoṣo máa fún un lóúnjẹ, kó má sì mọ ẹlòmíràn, pé bẹ́ẹ̀ ni ajá ṣe ń rorò. Aládùúgbò wa kan tó ti ń sin ajá tipẹ́ sì sọ pé bí ajá náà kò bá mọ ènìyàn àti ariwo kó tó pé oṣù mẹ́rin, ẹ̀pa kò ní bóró mọ́.

Ọmọ méjì ni mo bí, èyí àbúrò ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún mẹ́rin ni. Ìyá ọkọ mi ń gbé pẹ̀lú wa, ẹ̀rù ajá sì ń bà wọ́n gidigidi nítorí pé ajá kan bù wọ́n jẹ nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé. Àwọn ayálégbé tún wà nísàlẹ̀. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀ nínú àwọn mẹ́ta yìí? Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n là mí lóye.

Dókítà Ẹran Ọ̀sìn:

Ẹ kú ìtọ́jú ilé, ìyá wa. Òótọ́ ni dókítà yín sọ, òótọ́ náà sì ni aládùúgbò yín sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ wọn dà bí èyí tó ń ta kora. Àbúrò ọkọ yín nìkan ni n kò ní tẹ̀lé.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí abẹ́rẹ́. Inú ọmú àkọ́kọ́ tí ọmọ ajá mu lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ni ó ti ń gba ààbò díẹ̀, ààbò yìí kan náà ni kì í sì í jẹ́ kí abẹ́rẹ́ àjẹsára ràn dáadáa nígbà tó bá ṣì wà lára rẹ̀. Kò sí ẹni tó lè fojú wo ọmọ ajá kan kó sọ ọjọ́ tí ààbò ìyá rẹ̀ yóò tán. Ìdí nìyí tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ láti ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, tí a ń tún un gún ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta tàbí mẹ́rin mẹ́rin, tí a kì í sì í jẹ́ kí èyí tó kẹ́yìn ṣíwájú ọ̀sẹ̀ 16. Àrùn tí à ń sá fún jù lọ ni Parvo, èyí tó kọ́kọ́ tàn káàkiri ayé ní ọdún 1978. Ìgbẹ́ ajá tó ní in ni ó ń gbà ràn, kòkòrò rẹ̀ lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, ọṣẹ lásán kì í sì í pa á, àfi omi bílíìṣì. Ọmọ ajá tó bá kó o á máa bì, á máa ya ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, ó sì lè kú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Dókítà yín kò ṣe àṣejù rárá.

Ṣùgbọ́n ọpọlọ ọmọ ajá kì í dúró de abẹ́rẹ́. Láti ọ̀sẹ̀ 3 títí dé nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 12 sí 14 ni ó ń mọ ohun tó jẹ́ ti ilé ayé rẹ̀ yàtọ̀ sí ohun tó jẹ́ àjèjì. Ohun tó bá bá pàdé ní ìrọ̀rùn ní àsìkò yìí kì í sábà bà á lẹ́rù bó bá dàgbà, ohun tí kò bá sì rí rí, ìbẹ̀rù ni yóò kọ́kọ́ fi pàdé rẹ̀. Ní ọdún 1961, àwọn onímọ̀ mẹ́ta kan, Freedman, King àti Elliot, gbé àbájáde ìwádìí kan jáde láti Bar Harbor, ní ìpínlẹ̀ Maine ní Amẹ́ríkà. Wọ́n tọ́ àwọn ọmọ ajá nínú pápá kan tí wọ́n ṣọgbà gíga yí ká, níbi tí àwọn ajá náà kì í ti í rí ènìyàn. Wọ́n wá ń mú lára wọn jáde ní ọjọ́ orí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n fi ọ̀sẹ̀ kan wà lọ́dọ̀ ènìyàn kí wọ́n tó dá wọn padà sínú pápá. Àwọn tí kò bá ènìyàn da nǹkan kan pọ̀ títí wọ́n fi pé ọ̀sẹ̀ 14 dà bí ẹran ìgbẹ́; wọn kò gbà kí ẹnikẹ́ni súnmọ́ wọn. Ẹ wá fi ọjọ́ méjèèjì wéra: àsìkò ìmọ̀ra ń parí ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 14, abẹ́rẹ́ ń pé ní ọ̀sẹ̀ 16. Ẹni tó bá ti ajá rẹ̀ mọ́lé pátápátá títí abẹ́rẹ́ yóò fi pé ti gbà á lọ́wọ́ Parvo, ṣùgbọ́n yóò mú ajá tó ń sá fún òjìji jáde nínú ilé. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ẹranko tó mójú tó ìwà ẹranko ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń pè ní AVSAB, kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọdún 2008 pé ìṣòro ìwà ló ń pa ajá tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta ju àrùn tó ń ràn lọ, nítorí pé irú ajá bẹ́ẹ̀ ni àwọn olówó rẹ̀ ń kọ̀ sílẹ̀ tàbí tí wọ́n ń pa. Wọ́n sì fi kún un pé bí ọmọ ajá bá ti gba abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́, tí ó ti lo oògùn aràn, tí ọjọ́ méje sì ti kọjá lórí rẹ̀, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn ọmọ ajá mìíràn tí ara wọn le kẹ́kọ̀ọ́ ní ọ̀sẹ̀ 7 sí 8.

Báwo ni ẹ óò ṣe wá ṣe é ní Àkóbọ̀? Ẹ gbé e dání. Ilẹ̀ tí ajá àìmọ̀ ti yàgbẹ́ sí ni ẹ̀ ń sá fún, ẹ kò sá fún ènìyàn tàbí afẹ́fẹ́. Bí oòrùn bá ti rọ̀ lálẹ́, ẹ gbé àga síwájú géètì, kí ẹ tẹ́ aṣọ mímọ́ sórí itan, kí ẹ sì gbé ọmọ ajá náà lé e. Ẹ jẹ́ kó máa wo ọlọ́kadà tó ń kọjá, àwọn ọmọ iléèwé nínú yunifọ́ọ̀mù, obìnrin tó ru igbá lórí, ọkùnrin tó wọ agbádá, ẹni tó ṣí agboòrùn, àgbàlagbà tó ń tẹ̀ lé ọ̀pá. Ẹja sísè tí ẹ ti gé wẹ́wẹ́ ni kí ẹ fi sínú abọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Bí ohun tuntun kan bá ti yọ, tó sì ti wò ó, ẹ fi ègé ẹja kan sí i lẹ́nu láti ọwọ́ ẹ̀yin fúnra yín. Ẹ gbé e sínú ọkọ̀ bí ẹ bá ń lọ sí Ìwó Road, kó gbọ́ bí àwọn ọlọ́kọ̀ ṣe ń fun fèrè. Bí ajá mìíràn kì í bá wọ inú ọgbà yín, ó lè rìn lórí sìmẹ́ńtì níbẹ̀, kí gbogbo ará ilé sì máa bọ́ bàtà ìta sẹ́nu géètì. Ní ti jẹnẹrétọ̀, ẹ má gbé e lọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lójijì: ẹ gbé oúnjẹ rẹ̀ sí ibi tó jìnnà kí ẹ tó tan ẹ̀rọ náà, kí ẹ sì máa sún abọ́ náà mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀ láti ọjọ́ dé ọjọ́. Ẹ máa fọwọ́ kan etí rẹ̀, ẹnu rẹ̀ àti àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́, nítorí ibẹ̀ ni eégbọn ń fara pamọ́ sí. Ajá tí kò bá sì gbà kí a fọwọ́ kan ibẹ̀ nígbà tó kéré, ọkùnrin mẹ́ta ni yóò dì í mú fún wa lọ́la.

Ohun kan tí ọ̀pọ̀ kì í kíyè sí ni ojú ajá náà fúnra rẹ̀. Bó bá ń gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí ó ń lá imú nígbà tí kò sí oúnjẹ, tí ó ń yán nígbà tí oorun kò kùn ún, tí ó ká ìrù sábẹ́ ikùn, tàbí tí ó kọ ẹja tó ń jẹ tẹ́lẹ̀, ó ti tó o nìyẹn. Ẹ gbé e sẹ́yìn síbi tí ara rẹ̀ yóò ti balẹ̀, ẹ má sọ pé kó di dandan kó faradà á. Ìdẹ́rùbà kan ní ọjọ́ orí yìí lè pẹ́ lára rẹ̀ ju ìpàdé rere púpọ̀ lọ.

Bàbá Géètì Pupa:

Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ fún Dókítà, ọ̀rọ̀ yìí jọ ti àwọn òyìnbó tó ń bá ajá sùn lórí bẹ́ẹ̀dì. Ajá tó ti mọ gbogbo ọmọ iléèwé, tó ti jókòó lórí itan wo gbogbo ará àdúgbò, ta ni yóò gbó mọ́ lóru? Ní ilé bàbá mi, ata ni à ń pò mọ́ oúnjẹ ajá, ẹ̀wọ̀n kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀ lọ́sàn-án, olè kò sì wọ ilé náà rí.

Ọmọ Ọdẹ Òkè-Ògùn:

Bàbá, ẹ kú àgbà, ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi dà bí àrífín. Ọdẹ ni bàbá tó bí mi, ní agbègbè Ìgbòho, ajá kò sì wọ́n ní agbolé wa. Ata kì í kọ́ ajá ní nǹkan kan ju kí inú máa ta á lọ. Ní ti ajá tó wà lórí ẹ̀wọ̀n láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, òótọ́ ni pé ó ń gbó, ṣùgbọ́n kí ni kì í gbó? Ó ń gbó ewúrẹ́, ó ń gbó aláàárù, ó ń gbó ewé tí afẹ́fẹ́ gbé, ó ń gbó onílé fúnra rẹ̀ bó bá pààrọ̀ fìlà. Nígbà tó bá yá, àwọn ará ilé kì í dìde mọ́ bó bá gbó. Àwọn àgbà kúkú ti sọ pé kò sí ajá tí kì í gbó, àgbójù tajá ni à ń pè ní dìgbòlugi.

Ọ̀tọ̀ ni bí a ṣe ń tọ́ ajá ọdẹ. Ẹ̀yìn ilé ìdáná ni wọ́n ti máa ń bí i, àwọn ọmọdé ni yóò máa gbé e kiri, àárín ewúrẹ́ àti adìẹ ni yóò ti máa ṣubú tí yóò máa dìde. Ìyá ewúrẹ́ á kàn án, àkùkọ á ṣá a lẹ́nu, á sì kọ́ ọgbọ́n. Bó bá wá di ajá tó ń pa ẹmọ́ àti òyà nínú igbó, á gba àárín ewúrẹ́ ilé kọjá bí ẹni pé kò rí wọn. Kò sí ẹni tó nà án kó tó mọ ìyàtọ̀ yẹn. Àtikékeré ni ó ti bá wọn gbé. Láti ìgbà tó bá ti ń jẹun ni bàbá mi ti máa ń fun fèrè sí i kí wọ́n tó gbé oúnjẹ kalẹ̀, tó fi jẹ́ pé bó ti wù kó jìnnà tó nínú igbó, bí fèrè bá ti dún, ó ń bọ̀ nìyẹn.

Ní ti gbígbó lóru, Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe ohun tí à ń kọ́ Boerboel. Bó bá ti ń kúrò ní ọmọ ajá, láti nǹkan bí oṣù mẹ́fà títí yóò fi pé ọdún méjì, ṣíṣọ́ agbègbè rẹ̀ á máa jáde lára rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ajá tó bá sì mọ bí ènìyàn ṣe ń rìn lọ́sàn-án ni ó máa ń tètè dá ẹni tó ń yọ́ rìn lóru mọ̀. Ẹ tún wo ohun tí Dókítà kọ dáadáa: ọwọ́ olówó ajá ni ẹja ti ń wá, kì í ṣe ọwọ́ ẹni tó ń kọjá lọ. Èmi gan-an kì í jẹ́ kí àlejò fún ajá mi lóúnjẹ, nítorí ẹran tí olè ń fi májèlé sí.

Bàbá Géètì Pupa:

Ti májèlé yẹn yé mi. Ṣùgbọ́n n kò tíì gbà tán lórí ti ẹ̀wọ̀n.

Ará Peckham:

Ẹ jẹ́ kí n dá sí ti ẹ̀wọ̀n àti ti ojúṣe ẹni tó ni ajá, nítorí pé ní Lọ́ńdọ̀nù tí mo wà yìí, ìjọba kò fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún ìfẹ́ inú ẹnikẹ́ni. Láti oṣù kẹrin ọdún 2016 ni òfin ti sọ ọ́ di dandan ní England pé kí gbogbo ajá tó bá ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ní ẹ̀rọ kínkíní kan lábẹ́ awọ, èyí tí nọ́ńbà inú rẹ̀ ń fi ẹni tó ni ajá hàn. Bí ajá bá jáde sí gbangba, orúkọ àti àdírẹ́sì olówó rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lára ohun tó so mọ́ ọn lọ́rùn. Òfin ọdún 1991 lórí ajá eléwu mú ẹni tí ajá rẹ̀ bá kọjá àkóso. Láti ọdún 2014, inú ilé àti ọgbà olówó ajá náà wà nínú ohun tí òfin náà kàn, bí ajá bá sì pa ènìyàn, olówó rẹ̀ lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún 14. Ẹ̀yà ajá tí wọ́n ń pè ní XL Bully, láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kejì ọdún 2024, ẹni tí kò bá ní ìwé àṣẹ kò gbọdọ̀ ní in nílé ní England àti Wales. Ẹni tó bá ti rí Yorùbá tó wọ agbádá lọ síbi àríyá, tó tún gbé ọ̀rá ìgbẹ́ ajá dání lójú ọ̀nà, yóò mọ̀ pé òfin kì í ṣeré níbí.

Mo mọ̀ pé ọlọ́pàá kò ní wá wo ọrùn ajá yín ní Àkóbọ̀. Síbẹ̀ Boerboel tó dàgbà tán lè wọn kílò 70, ó lè wúwo ju ìyá ọkọ yín lọ. Ògiri tí kò lè fò, géètì tó ń tì fúnra rẹ̀, àkọlé tó sọ pé ajá wà nínú ilé, okùn tó lágbára lọ́rùn rẹ̀ bó bá ń jáde: ìwọ̀nyí ni kí ẹ ti ra sílẹ̀ báyìí tó ṣì kéré. Ẹ bá àwọn ayálégbé yín sọ̀rọ̀ kí ajá tó dàgbà, kí ẹ sì jọ fẹnu kò lórí wákàtí tí yóò máa wà lóde nínú ọgbà. Bí ẹ kò bá fẹ́ fi ṣòwò ọmọ ajá, ẹ bi dókítà yín léèrè nípa títẹ̀ ẹ́ lọ́dàá, nítorí pé láti inú ọmọ ajá tí kò sí ẹni tó fẹ́ ni àwọn ajá ìgboro ti ń wá.

Bàbá Géètì Pupa, ẹ̀wọ̀n fún wákàtí díẹ̀ kò burú bí àlejò bá wà nílé. Èyí tó máa ń wà lọ́rùn láti òwúrọ̀ títí di alẹ́ ni n kò lè gbè lẹ́yìn.

Ìyáalé Àkóbọ̀:

Ẹ ṣeun púpọ̀, gbogbo yín. A ti gbé kéèjì náà kúrò lẹ́yìnkùlé wá sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ilẹ̀kùn rẹ̀ sì wà ní ṣíṣí. Ìbéèrè méjì ló kù. Èkíní, kí ni kí n ṣe nípa ìyá ọkọ mi, tó jẹ́ pé bí ọmọ ajá náà bá ti yọjú, orí àga ni wọ́n ń gùn? Èkejì, ìyá náà sọ pé nígbà tí ajá bù wọ́n jẹ, irun ajá ọ̀hún ni wọ́n sun tí wọ́n fi lé ojú egbò, wọ́n sì pa ajá náà lójú ẹsẹ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí a ṣe bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀?

Dókítà Ẹran Ọ̀sìn:

Ti ìkejì yẹn ni kí n kọ́kọ́ dáhùn, nítorí pé ẹ̀mí wà nínú rẹ̀. Ẹ má ṣe fi irun, epo pupa tàbí ohunkóhun mìíràn lé egbò tí ajá bù jẹ. Lójú ẹsẹ̀ ni kí ẹ gbé e sábẹ́ omi ẹ̀rọ tàbí kí ẹ máa da omi sí i, kí ẹ sì fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú 15 gbáko, kí ẹ tó gba ilé ìwòsàn lọ fún abẹ́rẹ́. Àrùn dìgbòlugi ń pa nǹkan bí ènìyàn 59,000 lọ́dún káàkiri ayé gẹ́gẹ́ bí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe ṣírò rẹ̀, ajá ni ó sì ń fà á nínú ohun tó tó ìdá 99 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí àmì àrùn náà bá ti hàn lára ènìyàn, agbára káká ni ẹnikẹ́ni fi ń là á, ṣùgbọ́n bí a bá fọ egbò tí a sì gba abẹ́rẹ́ ní kíákíá, kì í débẹ̀. Ẹ má sì pa ajá náà. Ẹ tì í mọ́ ibi tó láàbò, kí dókítà ẹranko máa wò ó fún ọjọ́ mẹ́wàá. Bí ara rẹ̀ bá ṣì le lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá, a jẹ́ pé kòkòrò náà kò sí nínú itọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ tó bu ènìyàn jẹ. Ajá tí a ti pa kò lè sọ èyí fún wa, àyàfi tí a bá yẹ ọpọlọ rẹ̀ wò. Ọmọ ajá yín yóò gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi bó bá pé oṣù mẹ́ta, lẹ́yìn náà ní ọdọọdún. Ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án ni Ọjọ́ Dìgbòlugi Lágbàáyé, ọ̀pọ̀ ìgbà ni àwọn dókítà ẹranko sì máa ń gún un lọ́fẹ̀ẹ́ ní àsìkò náà. Ẹ sọ fún àwọn tó ní ajá ìbílẹ̀ ní àdúgbò yín.

Ní ti ìyá, ẹ má fi ipá mú wọn, ẹ má sì fi ṣẹ̀fẹ̀. Okùn ni kí ó wà lọ́rùn ọmọ ajá náà bó bá wà ní pálọ̀ tí wọ́n jókòó sí, kí ẹ̀yin di okùn náà mú lápá kejì yàrá, kí ó má lè dé ọ̀dọ̀ wọn láé. Bó bá wù wọ́n lọ́jọ́ kan, wọ́n lè ju ègé ẹja sí i láti orí àga wọn; bí kò bá wù wọ́n, ó tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí ajá náà nílò ni kó mọ̀ wọ́n gẹ́gẹ́ bí ará ilé, kò pọn dandan kí wọ́n fọwọ́ kàn án.

Ọmọ yín ọlọ́dún mẹ́rin ni mò ń ro jù. Ẹ má fi òun àti ajá náà sílẹ̀ láwọn nìkan, bó ti wù kí wọ́n mọwọ́ ara wọn tó. Kí ọmọ má súnmọ́ ajá tó ń jẹun tàbí tó ń sùn, kó má sì gùn ún bí ẹṣin. Bí ọmọ ajá bá fi eyín rẹ̀ kékeré gé e lọ́wọ́ níbi eré, kí eré parí lójú ẹsẹ̀, kí gbogbo yín dìde kúrò níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ láìnà án. Ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n jọ bí wọn ni ọmọ ajá ti ń kọ́ bí a ṣe ń gé ara ẹni jẹ́jẹ́, ìdí nìyí tí kò fi dára kí a rà á kó tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a ń rí ọlọ́sẹ̀ márùn-ún tí wọ́n ń tà lójú títì.

Bí ẹ bá ń gbé e lọ fún abẹ́rẹ́ kejì, ẹ má gbé e sílẹ̀ sórí ilẹ̀ ilé ìwòsàn, nítorí pé ibẹ̀ ni àwọn ajá tó ń ṣàìsàn ń dùbúlẹ̀ sí. Ẹ mú aṣọ rẹ̀ àti ẹja rẹ̀ dání, kí ẹ sì sọ fún dókítà pé kó fún un ní ẹja díẹ̀ kó tó gún un.